Ọgbà gíga nìkan kọ́ ni ààbò: Ohun tí ọlọ́pàá ń wò lára ilé àti àdúgbò kí olè tó dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní í ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n fi pa òwe náà, ọ̀rọ̀ ilé yìí kan náà sì ni àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń gbé yẹ̀ wò láti nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní iṣẹ́ ọlọ́pàá kò parí sí kí á máa sáré lé olè lẹ́yìn tí ó ti kó ẹrù lọ. Èyí tí ó lérè jù nínú iṣẹ́ náà ni kí olè dé ẹ̀bá ilé, kí ó wo iwájú, kí ó wo ẹ̀yìn, kí ó rí i pé ojú tí ń wo òun ti pọ̀ jù, kí ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ètò tí ó ń mú kí èyí ṣẹlẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìdènà ìwà ọ̀daràn nípasẹ̀ ètò àyíká. Ó kan bí a ṣe kọ́ ilé, bí a ṣe la ọ̀nà, ibi tí a gbé iná sí, ibi tí fèrèsé kọjú sí, àti bí a ṣe ń tọ́jú igbó tí ó yí ilé ká.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú bí Ibefun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odogbolu, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ bí wọ́n ṣe sábà máa ń rí. Àwọn ilé àtijọ́ wà láàrin ìlú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Àwọn ilé ńlá tí ọmọ ìlú tí ń gbé Èkó kọ́ wà lẹ́yìn odi, ọgbà gíga yí wọn ká, géètì onírin sì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, ọkọ̀ á kún iwájú wọn. Bí ọdún bá parí, ìyá àgbà kan tàbí ọlọ́dẹ kan ṣoṣo ni ó máa ń kù sínú ilé oníyàrá mẹ́wàá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé àgádágodo nìkan ni ó ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí onílé kò sí nílé, tí àgọ́ ọlọ́pàá kò sì sí nítòsí, kí ni ó ń dáàbò bo ilé náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé ọgbà gíga ni. Èsì àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ nípa ètò àyíká yàtọ̀ sí èyí. Ojú ọmọnìkejì ni, wọ́n ní, ọgbà tí ó bá sì dí ojú náà ti ṣe olè lóore.

Ibi tí ìmọ̀ náà ti wá

Ní ọdún 1961, akọ̀ròyìn obìnrin kan ní New York, Jane Jacobs, kọ ìwé lórí àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ ń ṣọ́ òpópónà bí kò ṣe àwọn tí ń tajà, àwọn tí ó jókòó síta, àti àwọn tí ń yọjú lójú fèrèsé. Ní 1971, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn kan, C. Ray Jeffery, fi gbólóhùn tí à ń lò fún ètò yìí ṣe orúkọ ìwé rẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀, 1972, ni ayàwòrán ilé kan tí ń jẹ́ Oscar Newman gbé ìwé tirẹ̀ jáde, ìwé náà sì ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tí ń fètò sí ìlú létí.

Ilé ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Pruitt-Igoe, ní ìlú St. Louis, ni ó la Newman lójú. Ilé 33 ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ fún àwọn mẹ̀kúnnù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ alájà 11. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi di ibùba àwọn ọ̀daràn, tí àwọn ayálégbé ń sá kúrò. Nígbà tí ó di 1972, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì títì, àwọn ilé kéékèèké kan wà tí ń jẹ́ Carr Square Village. Àwọn ará ibẹ̀ kò lówó ju àwọn ti Pruitt-Igoe lọ, síbẹ̀ àlàáfíà wà níbẹ̀. Newman tún kíyè sí i pé nínú Pruitt-Igoe pàápàá, ibi tí ìdílé méjì péré ti jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan máa ń mọ́ tónítóní, wọ́n sì máa ń dá àlejò mọ̀. Ibi tí 20 ìdílé ti jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni kò ní olówó, tí ẹnikẹ́ni lè wọlé wọ̀de níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Ohun mẹ́rin ni ètò náà dúró lé. Èkíní ni ríríran: kí ènìyàn lè rí ẹni tí ń wọlé láti ojú títì, kí ará ilé náà sì lè rí ojú títì. Èkejì ni ẹnu ọ̀nà: kí ọ̀nà àbáwọlé má pọ̀ jù, kí àlejò má lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí onílé. Ẹ̀kẹta ni àmì pé ibẹ̀ ní onílé: òdòdó, ọgbà kúkúrú, àga lábẹ́ àtíbàbà, nọ́ńbà ilé, gbogbo ohun tí ó ń sọ fún àjèjì pé bí ó bá kọjá ibí yìí, ó ti wọ agbolé onílé. Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́jú. Gílóòbù tí ó jó tí a kò pààrọ̀, koríko tí ó ga dé àyà, àti ilé àkọ́patì tí kò ní ilẹ̀kùn, ẹ̀rí ni gbogbo wọn jẹ́ lójú olè pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jẹ lógún.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n

Orúkọ rẹ̀ ni ó jẹ́ tuntun nílẹ̀ Ìjẹ̀bú; ìṣe náà ti pẹ́. Eredo Sungbo, odi àti yàrà ńlá tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gùn ju 160 kìlómítà lọ, àwọn ibì kan sì wà tí ó ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Ó ti lé ní 500 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ láti ṣe é. Odi bẹ́ẹ̀ nìkan kò lè dá ọ̀tá dúró bí kò bá sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé ó ń sọ ọ̀nà àbáwọlé di díẹ̀, kí gbogbo àlejò lè gba ẹnu bodè kọjá, níbi tí oníbodè yóò ti rí i, tí yóò ti gba owó bodè lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì mọ ibi tí ó ń lọ.

Bákan náà ni agbo ilé. Yàrá kọjú sí gbàgede kan náà, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé kì í sì í pọ̀. Àwọn àgbààgbà máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá ń ṣa ẹ̀fọ́, àwọn ọmọdé ń ṣeré. Àjèjì kò lè rìn kọjá wọn kí ẹnì kan má béèrè pé, “Ẹ kú àbọ̀ o, ta ni ẹ ń wá?” Ìbéèrè ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tó odi. Ẹni rere yóò dáhùn, wọn yóò sì mú un lọ bá ẹni tí ó ń wá. Ẹni tí ó ní èròkérò lọ́kàn yóò ti mọ̀ pé wọ́n ti rí ojú òun.

Ohun tí àwọn ọlọ́pàá sọ, tí wọ́n sì ṣe

Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní 1829, ìlànà tí wọ́n kọ fún wọn sọ pé olórí iṣẹ́ wọn ni kí ìwà ọ̀daràn má ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ni ó gbà pé rírìn káàkiri nìkan ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe é. Ìlú Gainesville, ní ìpínlẹ̀ Florida, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí èrò náà ti yí padà. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ rí i pé nínú 47 ilé ìtajà kéékèèké tí ó máa ń ṣí di òru nílùú náà, 45 ni àwọn adigunjalè ti jà lólè ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan láàrin 1981 sí 1986. Wọ́n lọ wo bí àwọn ilé ìtajà náà ṣe rí. Wọ́n rí i pé àwọn ìwé ìpolówó ti bo fèrèsé, ẹni tí ń gbowó jókòó síbi tí ará ìta kò ti lè rí i, iná ìta kò mọ́lẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì máa ń wà níbẹ̀ lóru. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú, òfin sì jáde pé kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí wọ́n gbé ibi ìgbowó síbi tí ojú títì ti lè rí i, kí iná wà níta, kí owó tí ó wà nílẹ̀ mọ níwọ̀n, kí òṣìṣẹ́ méjì sì máa wà níbẹ̀ lóru. Ìdigunjalè níbẹ̀ dín kù gan-an. Àwọn onílé ìtajà jiyàn pé mímú tí wọ́n mú àwọn adigunjalè kan ni ó fà á, kì í ṣe òfin náà. Iyàn náà kò burú, nítorí ó rán ènìyàn létí pé kíkọ́ ilé dáadáa kò gba iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọlọ́pàá dá ètò kan sílẹ̀ ní 1989 tí wọ́n pè ní Secured by Design. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yẹ pláànù ilé àti àdúgbò wò kí wọ́n tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò le láti mọ̀: yíyí fèrèsé padà lórí ìwé kò ná ẹnikẹ́ni ju inki lọ, ṣùgbọ́n bí ilé bá ti dúró tán, owó ńlá ni. Ọ̀rọ̀ iná náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 2016, wọ́n gbé òpó iná ńlá sí àwọn ilé ìjọba kan ní New York, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ní. Ìwádìí náà fi hàn pé àwọn ìwà ọ̀daràn ńlá tí ó ń ṣẹlẹ̀ níta lóru dín kù ní nǹkan bí ìdá 36 nínú 100.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, tí ó rọ́pò ti 1943, fi dídènà ìwà ọ̀daràn sáàárín àwọn olórí iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ṣètò fún ìgbìmọ̀ tí ọlọ́pàá àti ará àdúgbò yóò ti jọ máa jókòó. Bí ènìyàn bá fetí sí ìkìlọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá ń ṣe fún ará ìlú, yóò rí i pé ètò àyíká ni púpọ̀ nínú rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀: ẹ ṣán igbó ìtòsí ilé, ẹ má jẹ́ kí ilé àkọ́patì di ibùba, ẹ tan iná síta, ẹ mọ aládùúgbò yín.

Ìdí pàtàkì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà fi yẹ kí ó jẹ ọlọ́pàá lógún. Nǹkan bí 370,000 ni iye ọlọ́pàá tí a sábà máa ń gbọ́ pé ó wà ní orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù. Kò tó ọlọ́pàá kan sí 500 ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tẹ̀ lé àwọn ènìyàn ńlá kiri, títí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 2025 pé kí wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kò lè wà ní gbogbo ìkóríta Ibefun àti àwọn ìletò tí ó yí i ká. Ilé àti ọ̀nà ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ọlọ́pàá tí kò sí níbẹ̀ ìbá ṣe.

Ọgbà tí ó ń bo olè

Ibi tí èrò ọlọ́pàá àti ti onílé ti sábà máa ń takora ni ọ̀rọ̀ ọgbà. Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tunde Agbola ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwé jáde lórí bí ìbẹ̀rù ṣe ń darí ọwọ́ àwọn ará Èkó nígbà tí wọ́n bá ń kọ́lé. Ọgbà gíga, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, àfọ́kù ìgò lórí ògiri, irin lójú fèrèsé, géètì lẹ́nu àdúgbò, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà wá, àṣà yìí ti bá àwọn ọmọ Èkó padà dé abúlé wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọgbà náà bí olè ṣe ń wò ó. Kí ó tó fò ó, ó ṣòro lóòótọ́. Bí ó bá ti fò ó tán, ọgbà náà ti di tirẹ̀. Ó lè fi wákàtí méjì já irin fèrèsé, kò sí ẹni tí ń kọjá lójú títì tí yóò rí i. Bí ìyá àgbà tí ó wà nínú ilé bá tilẹ̀ yọ sí fèrèsé, ògiri ni ojú rẹ̀ yóò bá. Bí ó bá pariwo, ògiri kan náà ni yóò gba ohùn rẹ̀. Ọlọ́pàá tí ń rìn káàkiri pàápàá kò lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ètò yìí ṣe gbà pé kí ìsàlẹ̀ ọgbà jẹ́ búlọ́ọ̀kù díẹ̀, kí òkè rẹ̀ jẹ́ irin tí a lè ríran gba inú rẹ̀. Ó le láti gùn, kò sì pa ojú aládùúgbò mọ́.

Ọ̀rọ̀ irin ojú fèrèsé tún le ju ti olè lọ. Ìròyìn àwọn ìdílé tí iná jó pa sínú ilé nítorí pé irin kò jẹ́ kí wọ́n rí ibi jáde kì í ṣe tuntun létí ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí ó sá fún olè kò gbọ́dọ̀ ti ara rẹ̀ mọ́ inú iná. Ó kéré tán, kí irin fèrèsé kan nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí jẹ́ èyí tí ó lè ṣí láti inú, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Géètì àdúgbò náà ní ewu tirẹ̀: bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti sùn, ọkọ̀ ọlọ́pàá àti ti panápaná yóò dúró síta bí àjèjì.

Ibi tí agbára ètò náà mọ

Àwọn ọlọ́pàá kan wà tí wọn kò fi gbogbo ara gba ètò yìí, ìdí wọn sì tó gbọ́. Àkọ́kọ́ ni pé olè tí a lé ní òpópónà kan lè ṣí lọ sí èkejì. Ní 2009, Rob Guerette àti Kate Bowers ṣàkójọ ìwádìí 102 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ìṣílọ náà máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye ìgbà kan náà ni àwọn àdúgbò ìtòsí jàǹfààní ààbò tí kì í ṣe tiwọn.

Èkejì ni àwọn tí kò bẹ̀rù kí a rí wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, àwọn adigunjalè wọ ìlú Ọ̀fà ní ọ̀sán gangan. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù kí wọ́n tó ja báńkì márùn-ún lólè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n pa, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án sì wà nínú wọn. Kò sí òdòdó tàbí iná ojú títì tí ó lè dá irú wọn dúró. Ìbọn, ìròyìn àṣírí àti ìdáǹdè kíákíá ni ó kàn wọ́n. Ẹ̀kẹta ni olè inú ilé, ẹni tí ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ètò àyíká wúlò jù fún olè tí ń wá ibi tí ó rọrùn, irú olè bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń kó tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ omi nínú ilé tí kò sí ènìyàn.

Ohun tí ó ṣeé ṣe láìná owó ńlá

Púpọ̀ nínú ohun tí ètò yìí ń béèrè kò kọjá agbára ìlú kékeré. Ṣíṣán igbó kò gbà ju iṣẹ́ ọ̀yà ọjọ́ kan lóṣù. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń náwó sí aṣọ àti ẹṣin nígbà Ojúde Ọba lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra iná sólà sí ìkóríta, ṣùgbọ́n kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa tún un ṣe, nítorí òpó iná tí kò tàn ń sọ fún olè pé a ti gbàgbé ibẹ̀. Kí onílé tí ń gbé Èkó jẹ́ kí ayálégbé wà nínú yàrá méjì tí ó kọjú sí títì, kódà bí owó ilé náà kò bá pọ̀, nítorí ènìyàn tí ń dáná lálẹ́ níwájú ilé sàn ju àgádágodo mẹ́ta lọ. Kí gbogbo ilé ní nọ́ńbà, kí gbogbo òpópónà sì ní orúkọ. Ọlọ́pàá tí a pè lóru, tí a sọ fún pé kí ó wá sí ilé tí ó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, yóò ti pẹ́ kí ó tó dé.

Èyí tí ó ṣòro jù wà lọ́wọ́ ìjọba. Òfin ìfètò-sí-ìlú ti 1992 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú fífọwọ́ sí pláànù, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì dájọ́ ní 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí ètò ìlú wà. Kò sí ohun tí ó dí ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́wọ́ láti béèrè pé kí ọlọ́pàá fi ojú kan pláànù àwọn àdúgbò tuntun kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, pàápàá nísinsìnyí tí Èkó ń gbòòrò wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí oko ń di ilé lójoojúmọ́. Ibi tí ó ti di ilé tán, àtúnṣe díẹ̀ ni ó kù. Ibi tí ó ṣì jẹ́ oko ni ìlú ti lè yàn bóyá òun yóò jẹ́ ilé tí ó kọjú síra wọn, tàbí ògiri tí ó kẹ̀yìn síra wọn.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ìlú bá fi búlọ́ọ̀kù di ojú ara rẹ̀, ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ àjèjì pé, “Ta ni ẹ ń wá?” kò ní í sí mọ́, ọlọ́pàá tí ó sì wà ní ìlú kejì kò lè bá a béèrè rẹ̀.